Ẹ tẹ̀lé amiláàsì kan láti inú kóró dé ẹnu: bí a ṣe lè tún ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì yẹ̀ wò

Bí ìsinmi gígùn bá ti dé, tí èsì ìdánwò bákì sì ti jáde, àwọn àbúrò kan máa ń wá bá mi níwájú ilé wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Àwọn kan ń lọ sí yunifásítì Abomey-Calavi, àwọn kan fẹ́ dúró sí yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà níhìn-ín. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bá pàdé lọ́dún àkọ́kọ́. Kàyé tí wọ́n ń mú wá máa ń mọ́ tónítóní: orúkọ ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì lápá òsì, iṣẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ìlà pupa lábẹ́ àkọlé. Mo máa ń pa kàyé náà dé, màá sì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Itọ́ tó wà lẹ́nu rẹ yìí, ibo nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ṣe ohun tó ń da oúnjẹ nínú rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ibẹ̀ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́.

Kì í ṣe pé wọn kò kàwé. Orúkọ ni wọ́n kà, wọn kò ka iṣẹ́. Èmi náà ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, wọ́n bi wá nínú ìdánwò pé kí ló dé tí réticulum (àwọn àpò pẹlẹbẹ inú sẹ́ẹ̀lì) tó ní ríbósómù (ẹ̀rọ kékeré tó ń hun purotéènì) lára fi pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pankréàsì ju ti iṣan ara lọ. Mo kọ ìtumọ̀ réticulum bí mo ṣe há a sórí, ìlà márùn-ún gbáko, kò sí àmì ohùn kan tó sọnù. Òdo ni mo gbà, òdo náà sì tọ́ sí mi, nítorí ìbéèrè náà kò béèrè ohun tí réticulum jẹ́. Ó béèrè ohun tó ń ṣe.

Nítorí náà, ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín kò gùn. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, kí ẹ tẹ̀lé e láti ibi tí wọ́n ti pàṣẹ rẹ̀ dé ibi tó ti jáde síta. Amiláàsì, ohun inú itọ́ tó ń da oúnjẹ, ni a máa tẹ̀lé. Ọ̀sẹ̀ 3 tó o, bí ẹ bá fún un ní ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yà á kí ẹ tó ṣíwèé

Ẹ wá ìwé funfun tí kò ní ìlà, bíìkì búlúù kan àti pupa kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣí kàyé rárá. Ẹ fi búlúù ya sẹ́ẹ̀lì ẹranko kan àti ti ewéko kan bí ẹ ṣe rántí wọn, kí ẹ kọ orúkọ apá kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń ṣe. Bí ọwọ́ bá dúró, ẹ jẹ́ kó dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fi ara dà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣíwèé, kí ẹ fi pupa kọ ohun tí ẹ gbàgbé, kí ẹ sì tún èyí tí ẹ ṣì kọ ṣe.

Pupa yẹn ni iṣẹ́ yín. Ohun tó wà ní búlúù ti di tiyín, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ tún un yà lórí ìwé tuntun lọ́jọ́ 3, lọ́jọ́ 7 àti lọ́jọ́ 14, láì wo ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tó bá ń ka kàyé kan náà lákàtúnkà, ojú rẹ̀ á mọ ojú ìwé náà, á sì rò pé òun mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọwọ́ kì í purọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ tó kọ ọ́ ní Faransé

Faransé ni wọ́n máa fi bi yín, Faransé náà ni ẹ máa fi dáhùn. Ṣùgbọ́n èdè tí ẹ fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún ìyá yín ni kí ẹ fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ara yín. Gbólóhùn Faransé kan lè wà lórí ahọ́n fún ọdún mẹ́ta láì wọ inú.

Ẹ wo bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn tó bí a bá tú wọn. Cellule ni yàrá kékeré. Lọ́dún 1665, Robert Hooke gé èèpo igi kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, ó wò ó lábẹ́ míkírósíkópù, ó rí yàrá kéékèèké tó ṣófo, ó sì sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Òkú sẹ́ẹ̀lì ló rí. Ògiri nìkan ló ṣẹ́kù. Noyau ni kóró, gẹ́gẹ́ bí kóró máńgòrò. Membrane ni awọ. Paroi ni odi. Vacuole ni àpò omi. Ṣùgbọ́n mitochondrie, ribosome, Golgi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Orúkọ Yorùbá tí a bá fi agbára hun fún wọn yóò kàn di ohun mìíràn tí a ní láti há sórí.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ àgbàlá

Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọdé, àwọn àgbà tó ń kọjá náà sì máa ń dúró wò wá. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì tàbí igi kan, kí ẹ bọ́ sí àgbàlá. Milimítà kan jẹ́ 1000 µm (míkírómítà), 1 µm sì jẹ́ 1000 nm (nanomítà). Ẹ pinnu pé 1 cm lórí ilẹ̀ dúró fún 1 µm nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ẹyin obìnrin, tó tó 100 µm, á di òbìrí tó fẹ̀ tó mítà 1. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, tó fẹ̀ tó 7 sí 8 µm, á tó ìdérí agolo mílíìkì. Bakitéríà E. coli kan, 2 cm péré. Mitokọ́ńdírì kan kì í sábà fẹ̀ ju 1 cm lọ. Sẹ́ẹ̀lì kan lára awọ àlùbọ́sà lè gùn ju mítà 2 lọ, ẹ máa ní láti rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Ríbósómù, tí kò ju 20 sí 30 nm lọ, á jẹ́ àmì tí ṣóńṣó bíìkì fi sílẹ̀. Awọ sẹ́ẹ̀lì ńkọ́, èyí tó yí gbogbo rẹ̀ ká? Kò nípọn ju 7 sí 10 nm lọ. Lórí àwòrán yín, kò nípọn ju ewé kàyé kan ṣoṣo lọ.

Ní báyìí, ẹ fi ohun kan kún un. Míkírósíkópù tó ń lo ìmọ́lẹ̀, irú èyí tó wà nílé ìwé, kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àárín wọn kò bá tó nǹkan bí 0.2 µm. Lórí ilẹ̀ yín, milimítà 2 nìyẹn. Ohunkóhun tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó nílò míkírósíkópù tó lágbára jù ú lọ, irú ti elékítírọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá kọ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé òun rí ríbósómù lára awọ àlùbọ́sà, ohun tó kà ló kọ, kì í ṣe ohun tó rí. Olùkọ́ á sì mọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Odi yàtọ̀ sí ẹnubodè

Kò sí ọmọ Kétu tí kò mọ Àkàbà Ìdènà. Odi yí ìlú ká, yàrà wà lẹ́yìn odi, ẹnubodè yìí sì ni àwọn oníbodè ti ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò. Mo máa ń lo ẹnubodè yìí láti kọ́ni, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń da paroi àti membrane pọ̀.

Odi sẹ́ẹ̀lì ewéko, paroi, jẹ́ sẹlulóòsì. Líle ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì dúró, kì í sì í jẹ́ kó bẹ́. Ibí yìí ni àfiwé mi ti já, ẹ fọkàn sí i dáadáa: odi ìlú ń dí ènìyàn lọ́nà, ṣùgbọ́n omi àti iyọ̀ ń gba inú odi sẹ́ẹ̀lì kọjá bí ẹni gba àlàfo ọgbà. Odi kọ́ ló ń yan ẹni tó ń wọlé. Awọ tó wà lẹ́yìn odi, ní inú, ló ń yàn. Sẹ́ẹ̀lì ẹranko kò ní odi rárá, awọ nìkan ló ní.

Awọ náà jẹ́ ìpele lípídì (ọ̀rá) méjì. Orí wọn fẹ́ràn omi, ìrù wọn ń sá fún un, nítorí náà ìrù kọjú sí ìrù ní àárín, orí sì kọjú síta àti sínú. Ẹ da epo pupa díẹ̀ sínú omi kí ẹ wo bó ṣe ń ṣà ara rẹ̀ jọ. Irú kíkọ̀ yẹn ló ń tò awọ sẹ́ẹ̀lì láì nílò ẹni tí yóò tò ó. Kò sì le bí amọ̀ odi: lọ́dún 1972, Singer àti Nicolson ṣàlàyé rẹ̀ bí ohun tó ń ṣàn, tí lípídì àti purotéènì ń rìn kiri nínú rẹ̀.

Àwọn purotéènì yẹn ni ẹnubodè àti oníbodè. Ọ́síjìn àti afẹ́fẹ́ tí a ń mí síta kò nílò wọn, wọ́n ń gba àárín lípídì kọjá. Gulukóòsì nílò ẹnubodè. Sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù nílò rẹ̀ pẹ̀lú, ẹnubodè kan sì wà tó ń ná agbára kó tó ṣiṣẹ́: fún ATP 1 (owó agbára sẹ́ẹ̀lì) tó bá ná, á ti sódíọ̀mù 3 síta, á fa pọtásíọ̀mù 2 wọlé. Ẹ há 3 àti 2 yìí sórí, ó wà lára ìwọ̀nba ohun tó yẹ kí ẹ há sórí.

Osmose, ìrìn omi gba inú awọ, wá ńkọ́? Ẹ má kà á, ẹ ṣe é. Ẹ gé iṣu tútù sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn dọ́gba, kí ẹ fi rúlà wọ̀n wọ́n. Iṣu tó ń ti ọ̀nà Sábẹ́ wá dára fún un, ṣùgbọ́n iṣu èyíkéyìí á ṣe é. Ẹ fi ọ̀kan sínú omi lásán, ẹ fi èkejì sínú omi tí ẹ ti po ṣíbí iyọ̀ mẹ́ta sí, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ti inú omi lásán á le gan-an, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dá. Ti inú omi iyọ̀ á rọ̀, ẹ lè fi í ká ìka, á sì ti kúrú díẹ̀. Omi ń lọ sí ibi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà gbé pọ̀ jù. Obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́: bí ẹ̀fọ́ bá ti ń rọ, á wọ́n omi sí i, ẹ̀fọ́ á sì nàró padà.

Ọ̀pọ̀ máa ń sọ fún mi pé garí tó ń wú nínú omi náà, osmose ni. Rárá o. A ti lọ gbágùúdá náà, a ti fún un, a ti yan án lórí iná. Kò sí awọ tó wà láàyè níbẹ̀ mọ́ tí yóò yan ohun tó ń kọjá. Sítáàṣì ló kàn ń mu omi. Níbi tí awọ kò bá sí, ẹ má pè é ní osmose.

Kí ẹ tó kúrò lórí ìgbésẹ̀ yìí, ẹ dáhùn èyí láì ṣíwèé: kí ló dé tí omi tí wọ́n ń fi sí aláìsàn lára nílé ìwòsàn fi ní iyọ̀ giramu 9 nínú lítà kan? Bí ẹ bá lè sọ ohun tí omi lásán máa ṣe fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, kí ẹ sì sọ ìdí tí omi lásán kan náà kò fi bẹ́ sẹ́ẹ̀lì iṣu, odi àti awọ ti yé yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tẹ̀lé amiláàsì

Ẹ fi iṣu sísè sẹ́nu, ẹ má tètè gbé e mì. Ẹ máa rún un fún bí ìṣẹ́jú 2. Á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Purotéènì kan tó ń jẹ́ amiláàsì wà nínú itọ́, ó ń gé sítáàṣì sí ṣúgà. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹṣẹ́ itọ́ ló ṣe é. Ẹ jẹ́ ká bá a rìn.

Inú kóró la ti bẹ̀rẹ̀. ADN, okùn tí wọ́n kọ ìtọ́ni sẹ́ẹ̀lì sí, wà níbẹ̀, bí mítà 2 gbáko nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan, tí a ká mọ́ ibi tí ojú kò lè rí. Apá kan lára rẹ̀ ni wọ́n kọ amiláàsì sí. ADN kì í jáde kúrò nínú kóró. Nítorí náà sẹ́ẹ̀lì á da apá yẹn kọ sórí ARN, ẹ̀dà tó lè rìn, ARN á sì gba ihò ara awọ kóró jáde. Ẹ fi búlúù ya ọfà àkọ́kọ́.

Lóde, ríbósómù á gbá ARN náà mú, á máa kà á ní lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta, á sì máa so ásíìdì amínò, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń hun purotéènì, kan mọ́ èkejì. Ríbósómù tó ń ṣe amiláàsì á lọ lẹ̀ mọ́ ara réticulum, okùn purotéènì náà á sì máa wọ inú réticulum bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ibẹ̀ ni yóò ti ká ara rẹ̀ sí bó ṣe yẹ. Ọfà kejì. Láti ibẹ̀, àpò kékeré kan á já kúrò lára réticulum, á gbé e lọ sí Golgi, èyí tí Camillo Golgi kọ́kọ́ ṣàpèjúwe lọ́dún 1898. Golgi á tún un ṣe, á ṣà á sọ́tọ̀, á dì í. Ọfà kẹta. Àpò tó jáde láti Golgi á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, á máa retí. Bí òórùn oúnjẹ bá ta sí yín nímú, ọpọlọ á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, awọ àpò náà á sì yọ́ pọ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, amiláàsì á tú síta. Amiláàsì kò gba inú awọ kankan kọjá láti ìgbà tó ti wọ réticulum. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Kì í ṣe ìtàn lásán. George Palade àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì pankréàsì ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó kékeré tí wọ́n ń pè ní cobaye ní ásíìdì amínò tí wọ́n ti sàmì sí pẹ̀lú ìtànṣán, fún ìṣẹ́jú 3 péré, wọ́n sì ń wo ibi tí àmì náà dé. Ó kọ́kọ́ wà ní réticulum. Ní bí ìṣẹ́jú 20, ó ti dé Golgi. Ní bí wákàtí 2, ó ti wà nínú àwọn àpò tó ń retí ìjáde. Palade gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1974 pẹ̀lú Albert Claude àti Christian de Duve, ẹni tó ṣàwárí lysosome, àpò inú sẹ́ẹ̀lì tó ń da ohun tó ti gbó.

Ẹ wá padà sí ìbéèrè tó fún mi ní òdo. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì pankréàsì ni kó máa ṣe purotéènì tó ń jáde síta, ọ̀nà réticulum sì ni irú wọn ń gbà. Iṣan ara ń ṣe purotéènì tirẹ̀ láti lò ó sínú ilé. Ríbósómù tó ń léfòó nínú omi sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ìlà méjì ni ìdáhùn náà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ta ló ń sanwó iṣẹ́ yìí?

ATP ni owó tí sẹ́ẹ̀lì ń ná. Gulukóòsì kan tó bá wọlé, omi sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gé e sí méjì, èrè rẹ̀ jẹ́ ATP 2. Bí ọ́síjìn bá wà, mitokọ́ńdírì á gba ìyókù, gbogbo rẹ̀ á sì tó nǹkan bí 30 sí 32. Ìwé àtijọ́ máa ń kọ 36 tàbí 38. Bí olùkọ́ yín bá lo ìyẹn, ẹ bá a lò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìṣirò ti yí padà.

Bí ọ́síjìn kò bá sí, ATP 2 yẹn náà ni gbogbo èrè. Ìwúkàrà inú ẹmu ọ̀pẹ ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ń yọ ọtí síta. Ọtí líle sódábì tí wọ́n ń pọn lẹ́yìn náà, iṣẹ́ iná ni, kì í ṣe ti sẹ́ẹ̀lì mọ́.

Àṣìṣe kan tí mo ń rí lọ́dọọdún: "ewéko ní chloroplaste, ẹranko ní mitochondrie." Ewéko ní méjèèjì: chloroplaste ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, mitochondrie ń sọ oúnjẹ di ATP. Gbòǹgbò tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò rí oòrùn, kí ni yóò fi gbé ayé láìsí mitokọ́ńdírì? Ẹ sì rántí pé àwọn méjèèjì ní ADN tiwọn, èyí tó ti Lynn Margulis lẹ́yìn lọ́dún 1967 nígbà tó ṣàlàyé pé bakitéríà ni wọ́n láyé àtijọ́, tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn gbé mì, tí wọ́n sì jọ ń gbé pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ta ló ní kóró, ta ni kò ní?

Ibí kò pẹ́. Bakitéríà kò ní kóró tí awọ bò. ADN rẹ̀ kàn wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ó ní awọ, ó sì ní ríbósómù. Àwọn bakitéríà tó ń sọ irúgbá di irú wà ní ẹgbẹ́ yìí. Ìwúkàrà inú ẹmu ní kóró, kòkòrò ibà náà ní kóró, nítorí náà ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n. Fáírọ́ọ̀sì kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì rárá: kò ní ríbósómù, kò lè ṣe purotéènì kankan láìwọ ilé onílé.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ka kókó, ẹ má ka òwú

Pípín sẹ́ẹ̀lì ni ibi tí omijé ti ń wá, nítorí iye. Ẹ mú òwú: gígùn méjì, pupa kan, funfun kan, kúkúrú méjì, pupa kan, funfun kan. Kírómósómù (okùn ADN tí a ká) 4 nìyẹn, pupa láti ọ̀dọ̀ ìyá, funfun láti ọ̀dọ̀ bàbá. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, á da ADN rẹ̀ kọ. Ẹ wá òwú tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, kí ẹ so ó mọ́ èkejì rẹ̀ ní àárín pẹ̀lú kókó kan. Òwú ti di 8, ADN ti di ìlọ́po méjì. Kírómósómù mélòó ló wà báyìí? 4 náà ni. Kókó la fi ń ka kírómósómù. Òwú ni kírómátídì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn: 46 kí ADN tó di ìlọ́po, 46 lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kírómátídì ti di 92.

Nínú mitose, ìpín tó ń mú sẹ́ẹ̀lì méjì tó bára mu jáde, ẹ to kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìlà kan láàárín, kí ẹ tú wọn, kí ẹ fa òwú kọ̀ọ̀kan sí apá tirẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ní 4. Nínú méiose, ìpín tó ń ṣe ẹyin àti àtọ̀, ìgbà méjì ni: ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má tú kókó: pupa gígùn lọ sí apá kan, funfun gígùn lọ sí èkejì, àwọn kúkúrú náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà kejì lẹ tó máa tú kókó. Ẹ ó rí i pé 2 péré ló kù fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, bí 46 wa ṣe ń di 23 nínú ẹyin àti àtọ̀. Ẹ ṣe é tó ìgbà márùn-ún pẹ̀lú ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan orúkọ àwọn ìpele rẹ̀, prophase àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Àyẹ̀wò pẹ̀lú àrùn tí gbogbo wa mọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ mú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí wọ́n ń pè ní drépanocytose nílé ìwòsàn. Àwọn ìdílé tó ń bá a jà pọ̀ láàárín wa, mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ṣàlàyé rẹ̀ láì fi àbíkú tàbí àjẹ́ kún un.

Ẹ gbà á láti òkè wá sílẹ̀. Lẹ́tà kan yí padà lára ADN. Nítorí náà ARN yí padà níbẹ̀. Nítorí náà, ní ipò 6 lára okùn bẹ́tà ti hemoglobíìnì (purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀), ásíìdì amínò valine dúró síbi tó yẹ kí ásíìdì glutamique wà. Hemoglobíìnì S nìyẹn; A ni ti ẹni tí kò yí padà. Nítorí náà, bí ọ́síjìn bá kéré, hemoglobíìnì ń so mọ́ra di ọ̀pá gígùn, ó ń ti awọ sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á sì tẹ̀ bí dòjé, á dí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ìrora ibẹ̀ ló ti ń wá. Hemoglobíìnì C, tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, ipò 6 kan náà ló ti yí padà, sí lysine. Ọmọ tó bá gba S lọ́dọ̀ ìyá tó sì gba C lọ́dọ̀ bàbá ní àrùn náà, bí ẹni tó gba S méjì. Ẹni tó jẹ́ AS ń gbé S kiri, ara rẹ̀ sì sábà máa ń le.

Ẹ wá bi ara yín: kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti tẹ̀ kò lè ṣe hemoglobíìnì tuntun fún ara rẹ̀? Nítorí pé bó ṣe dàgbà ló ti sọ kóró àti ríbósómù rẹ̀ nù. Kò sì ní mitokọ́ńdírì, nítorí náà kò ń jẹ nínú ọ́síjìn tó ń gbé fún ẹlòmíràn. Bí ọjọ́ 120 ló ń lò láyé, ti ẹni tó ní àrùn yìí sì kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí kò kà á

Ẹ jókòó ti ẹnìkan nínú ilé tí kò lọ ilé ìwé Faransé, kí ẹ sọ ìrìn amiláàsì fún un ní Yorùbá láì wo ìwé. Ẹ jẹ́ kó dá yín dúró nígbà tó bá fẹ́.

Ọmọbìnrin kan lára àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti jọ ń bẹ iṣu. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé ibi tí ríbósómù ti lọ lẹ̀ mọ́ réticulum, ó sì gbé ọ̀bẹ dúró. Ó ní, "Ta ló sọ fún un pé ibẹ̀ ni kó lọ? Ṣebí o ní àwọn mìíràn ń léfòó." Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ó gbé ìbéèrè náà wá bá mi lọ́jọ́ kejì, kò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni Günter Blobel fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún lọ́dún 1999. Àdírẹ́sì wà lára purotéènì náà fúnra rẹ̀: àwọn ásíìdì amínò tó kọ́kọ́ jáde láti ẹnu ríbósómù ló ń sọ pé "réticulum ni kí ẹ gbé mi lọ", bó bá sì ti ń wọlé, wọ́n á gé àdírẹ́sì náà kúrò. Èyí tí kò ní àdírẹ́sì kankan á dúró sínú omi sẹ́ẹ̀lì.

Ó padà lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ 14, nígbà tó tún sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yà láì ṣíwèé, ó ya ìrù kékeré kan sí iwájú okùn amiláàsì, ó kọ "àdírẹ́sì" sí i. Bíìkì búlúù ló fi kọ ọ́.